Akọ̀wé Brekkedal Ṣí Ìwé

Máìlì mẹ́fà ní òró, máìlì mẹ́fà ní ìbú:
ẹni tó fi rúlà pín ilẹ̀ yìí kò fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí.
Ọ̀nà wa gún bí okùn tí a sá aṣọ sí,
ó gún, ó gún, ó dé etí odò, ó wọ́,
nítorí odò kò mọ rúlà.

Ẹ má bi mí pé ọjà wà níbo.
Kò sí. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ti lọ lọ́dún tí wọ́n bí mi,
ilé-ìwé tẹ̀ lé e, ó fi àwọn àga kéékèèké sílẹ̀.
Lórí àga wọ̀nyẹn la ti ń ṣe ìjọba,
orúnkún wa ga dé àyà.

Ènìyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta.
Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́.
Yíǹkì a máa ṣe agídí,
ìyàwó Delmar Hruby sì ti ń rìn
bí ẹni tó ru omi tí kò fẹ́ kó dànù.

Àgbàdo níwọ̀ oòrùn, sóyà nílà oòrùn;
lọ́dún tó ń bọ̀ wọn a pààrọ̀ ibùsùn.
Yìnyín a dé lóṣù kọkànlá,
a jókòó bí àlejò tó gbàgbé ilé ara rẹ̀.
Nígbà náà, Verlyn Skaar àti katakata rẹ̀
tó ń ro yìnyín kúrò lọ́nà
ni gómìnà wa, ni ọlọ́pàá wa, ni dókítà wa.

Ìjókòó ọdún: ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kẹta.
Ènìyàn mọ́kànlá ló wá. Ajá kan.
Sítóòfù igi ń kùn, kọfí dúdú bí ìdí ìkòkò.
Akápò ka owó, ó tún un kà,
owó kò bímọ láàárín ìkíní àti ìkejì.
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀:
afárá odò, tí òpó rẹ̀ ti jẹrà,
tí ilé kan péré wà lódìkejì rẹ̀,
ilé Orrin Kjos, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún.
Owó àtúnṣe rẹ̀ á ra òkúta wẹ́wẹ́ ọdún mẹ́ta.

Wọ́n sọ ọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀ níbí,
ẹnu díẹ̀, ojú nílẹ̀.
Ẹnìkan ní àgbàdo ò lówó lórí mọ́.
Ẹnìkan ní odò yóò kún kó tó di Àjíǹde.
Lavonne Tveit ní, ta ló máa wá gbé oúnjẹ lọ fún un?
Orrin alára wà lẹ́bàá sítóòfù,
fìlà lórí orúnkún.

Alága ní kí ẹni tó fara mọ́ àtúnṣe nawọ́.
Ọwọ́ mẹ́wàá. Tèmi wà níbẹ̀.
Ẹni tí kò fara mọ́ ọn ńkọ́?
Ọwọ́ Orrin gòkè, díẹ̀díẹ̀,
bí korobá tí wọ́n ń fà jáde nínú kànga.
“Ẹ fi owó yẹn tún ọ̀nà ọmọ Delmar ṣe,” ó ní,
“èmi mọ ibi tí omi ti mọ ní orúnkún.”

Verlyn, tí òun àti Orrin kò kí ara wọn
láti ìgbà ìjà ààlà, ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn,
ló dáhùn, kò wojú rẹ̀:
“A ti dìbò, bàbá. Jókòó.”
Jíjókòó ló ti wà tẹ́lẹ̀.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: mẹ́wàá sí ọ̀kan.
Òfin ò ní kí akọ̀wé kọ ìdí.
Mo kọ aago tí a túká, mo kọ iye owó kọfí,
mo ti ìlẹ̀kùn, mo fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sábẹ́ bíríkì
níbi tí gbogbo wa mọ̀.

Níta, yìnyín ti tún bẹ̀rẹ̀.
Iná katakata ṣáájú, iná ọkọ̀ Orrin tẹ̀ lé e,
wọ́n forí lé odò, kò sẹ́ni tó fun fèrè.
Mo dúró nínú òtútù
títí iná kan fi sọdá afárá,
tí èkejì sì yí padà.